Ìró bọ́tìnì lórí fóònù alágbèéká

Ìró bọ́tìnì ni ìró alápapọ̀ méjì tí ẹ̀rọ tẹlifóònù fi ń sọ fún ẹ̀rọ mìíràn pé a ti tẹ nọ́ńbà kan. DTMF ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Ní Amẹ́ríkà, Touch-Tone ni orúkọ ọjà tí wọ́n fi polówó rẹ̀. Òun ni a ń lò nígbà tí a bá pe ilé-ìfowópamọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, tí ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ sì ní kí a tẹ 1 fún èdè kan, kí a tẹ 2 fún òmíràn, tàbí kí a tẹ nọ́ńbà àkáǹtì kí a sì fi háàṣì (#) parí rẹ̀.

Lórí tẹlifóònù oníwáyà, ìró náà gan-an ni ó ń gba inú wáyà kọjá. Lórí fóònù alágbèéká, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù kì í fi ìró ránṣẹ́. Ó ń sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé a ti tẹ bọ́tìnì báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó sì ń dá ìró náà sí etí ẹ̀rọ tí a pè. Ìyàtọ̀ yìí ni ó fa á tí bọ́tìnì fi máa ń kùnà nígbà mìíràn, tí ìró tí a fi etí ara wa gbọ́ kì í fi í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti jẹ́. Ó sì tún ń fi ibi tí àṣírí ẹni ti lè tú hàn.

## Ìtàn

Ṣáájú ìró bọ́tìnì, tẹlifóònù tí ó ní àwo yíyí ni ó wọ́pọ̀. Àwo náà ní ihò mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe 7 yóò ki ìka bọ ihò 7, yóò yí i dé òpin, yóò sì jẹ́ kí ó padà fúnra rẹ̀. Bí ó ti ń padà ni ó ń já iná inú wáyà lẹ́ẹ̀méje, tí ibùdó ìsopọ̀ ìpè sì ń ka iye ìgbà tí iná já. Irú ètò báyìí dàgbà láti ara ẹ̀rọ ìsopọ̀ aládàáṣiṣẹ́ tí Almon Strowger gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1891.

Àbùkù méjì ni ètò náà ní. Èkíní ni pé ó lọ́ra: òdo nìkan ń gba jíjá iná lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èkejì, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún ohun tí à ń sọ, ni pé ibùdó tí ó sún mọ́ ilé ni a ṣe é fún. Bí ìpè bá ti wọlé tán, kò sí ọ̀nà tí ó dára láti fi nọ́ńbà bá ẹ̀rọ tí ó wà ní òdìkejì sọ̀rọ̀, nítorí pé ohùn nìkan ni ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ lè gbé.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Bell Labs, ilé ìwádìí AT&T, wá ronú pé bí ó bá jẹ́ ohùn nìkan ni ọ̀nà náà lè gbé, kí nọ́ńbà náà di ohùn. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà han àwọn ènìyàn níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní ìlú Seattle ní ọdún 1962. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn oníbàárà ní ìlú Carnegie àti Greensburg ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Bọ́tìnì mẹ́wàá péré ni àwọn tẹlifóònù àkọ́kọ́ náà ní. Ọdún 1968 ni bọ́tìnì ìràwọ̀ (*) àti háàṣì (#) dára pọ̀ mọ́ wọn.

Bí a ṣe to bọ́tìnì náà kì í ṣe èèṣì. R. L. Deininger tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Bell ní ọdún 1960, nínú èyí tí wọ́n ti dán oríṣiríṣi ètò bọ́tìnì wò láti mọ èyí tí ó yára tí àṣìṣe rẹ̀ sì kéré. Ìlà mẹ́ta oníbọ́tìnì mẹ́ta-mẹ́ta, tí 1 wà ní òkè tí 0 sì wà ní ìsàlẹ̀, ni wọ́n mú. Ìdí nìyí tí bọ́tìnì tẹlifóònù fi yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ìṣírò, níbi tí 7, 8 àti 9 ti wà ní òkè.

## Bí ìró náà ṣe rí

Ìró jẹ́ ìgbọ̀n afẹ́fẹ́. Iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a ń fi Hertz (Hz) kà. Gbogbo bọ́tìnì tí ó wà lórí ìlà ìbú kan náà ní ìró kan tí ó lọ sílẹ̀ pọ̀. Gbogbo èyí tí ó wà lórí òró kan náà ní ìró kan tí ó ga pọ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnì kan, ìró méjèèjì yóò dún lẹ́ẹ̀kan náà.

| | 1209 Hz | 1336 Hz | 1477 Hz | 1633 Hz |
|---|---|---|---|---|
| 697 Hz | 1 | 2 | 3 | A |
| 770 Hz | 4 | 5 | 6 | B |
| 852 Hz | 7 | 8 | 9 | C |
| 941 Hz | * | 0 | # | D |

Fún àpẹẹrẹ, ẹni tí ó tẹ 5 ti mú kí ìró 770 Hz àti 1336 Hz dún pọ̀. Òró kẹrin, A dé D, kò sí lórí fóònù tí gbogbo ènìyàn ń lò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹlifóònù àwọn ológun Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ AUTOVON lò ó láti fi sọ bí ìpè kan ti ṣe kánjú tó. Àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, ti fi àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí lélẹ̀ nínú ìlànà Q.23, ìlànà Q.24 sì sọ bí ẹ̀rọ tí ń gbọ́ wọn ṣe gbọ́dọ̀ ṣe.

Ìdí tí ìró fi jẹ́ méjì ni pé ohùn ènìyàn, orin tàbí fèrè lè ṣèèṣì mú ìró kan ṣoṣo jáde, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó mú méjì tí ó bá ara wọn mu báyìí jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún ṣa àwọn nọ́ńbà náà jọ lọ́nà tí ìkankan kò fi jẹ́ ìlọ́po òmíràn. Gbogbo wọn ló sì wà láàárín 300 Hz sí 3400 Hz, èyí tí í ṣe ààlà ohun tí wáyà tẹlifóònù ń gbé. Láti dá wọn mọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lo ọgbọ́n ìṣírò kan tí Gerald Goertzel gbé jáde ní ọdún 1958, èyí tí ń wádìí ìwọ̀n díẹ̀ péré dípò kí ó tú gbogbo ìró palẹ̀.

Ìró bọ́tìnì yàtọ̀ sí ohùn inú èdè olóhùn bí Yorùbá. Nínú èdè Yorùbá, ìfiwéra ni ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀: ohùn òkè àgbà ọkùnrin lè lọ sílẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lọ, síbẹ̀ olùgbọ́ kò ní ṣi ìyá inú *igbá* pè ní *igba*, nítorí pé ó ń fi ohùn kọ̀ọ̀kan wé èyí tí ó yí i ká. Ẹ̀rọ kì í fi wéra. Ìwọ̀n pàtó ni ó ń retí: ìró tí ó bá yẹ̀ kọjá bí ìdá mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ó gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́.

## Ohun tí fóònù alágbèéká ń ṣe

Tẹlifóònù oníwáyà alámì-nọ́ńbà ń lo 64,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láti gbé ohùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì GSM kò ní àyè tó bẹ́ẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Ìlànà ìfúnpọ̀ ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ń lo 13,000 péré. Láti lè ṣe èyí, fóònù ń fi ọ̀fun àti ẹnu ènìyàn ṣe àwòṣe: ó ń sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì irú ohùn tí ọ̀fun ń mú jáde, kì í ṣe ìgbọ̀n afẹ́fẹ́ náà gan-an. Ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń bàjẹ́ nínú irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìró bọ́tìnì tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lè dé ọ̀hún ní àbùkù tí ẹ̀rọ kò fi ní dá a mọ̀.

Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe ìlànà GSM fi ya bọ́tìnì kúrò lára ohùn. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí:

1. Bí oníbàárà bá tẹ 5 nígbà tí ìpè ń lọ, fóònù yóò fi ìránṣẹ́ START DTMF, tí ó gbé nọ́ńbà 5 dání, gba ọ̀nà àṣẹ, kì í ṣe ọ̀nà ohùn.
2. Ibùdó ìsopọ̀ ìpè nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò dá ìró 770 Hz àti 1336 Hz sílẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò fi í sínú ohùn tí ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a pè, yóò sì dá fóònù lóhùn pé òun ti gbọ́.
3. Bí oníbàárà bá gbé ìka kúrò, fóònù yóò fi STOP DTMF ránṣẹ́, ìró yóò sì dákẹ́.

Ìránṣẹ́ kan kì í gbé ju nọ́ńbà kan lọ. Ìró tí oníbàárà ń gbọ́ nínú fóònù rẹ̀ nígbà tí ó ń tẹ bọ́tìnì jẹ́ ìró tí fóònù náà dá fún un lásán, kí ó lè mọ̀ pé òun ti tẹ nǹkan. Ó lè gbọ́ ọ kí ìránṣẹ́ má sì dé. Ìránṣẹ́ sì lè dé bí ó tilẹ̀ ti pa ìró náà. Ètò yìí tún jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo: láti fóònù sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ìró bọ́tìnì tí ẹlòmíràn bá tẹ sí etí oníbàárà ń gba inú ìfúnpọ̀ ohùn wá bí ìró èyíkéyìí.

Lórí 4G àti lórí àwọn ìpè tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, èrò náà kò yí padà. Ohùn ń lọ nínú àwọn àpò kéékèèké. Nọ́ńbà tí a tẹ sì ń lọ nínú àpò tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà RFC 2833 ti ọdún 2000 àti RFC 4733 tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2006 ti là á kalẹ̀. Nítorí pé àpò lè sọnù lójú ọ̀nà, èyí tí ó sọ pé bọ́tìnì ti parí ni a máa ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Yíya àṣẹ kúrò lára ohùn ní ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìpè ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà ń lo ìró 2600 Hz lórí ọ̀nà ohùn láti mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣófo. Àwọn kan rí i pé ẹni tí ó bá mú ìró náà jáde lè darí ìpè lọ́fẹ̀ẹ́. John Draper di olókìkí nítorí fèrè ìṣeré inú páálí oúnjẹ Cap'n Crunch, tí ó ń dún ní ìwọ̀n náà. Ìró yẹn kì í ṣe ìró bọ́tìnì, ṣùgbọ́n òun ni ó fi hàn pé àṣẹ tí ó bá ń gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹnikẹ́ni tí ó ní ẹnu lè pa á.

## Ìyàtọ̀ láàárín ìró bọ́tìnì àti USSD

Ní Nàìjíríà, níbi tí GSM ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ìràwọ̀ àti háàṣì nípasẹ̀ nọ́ńbà bíi *310#, tí a fi ń wo owó ìpè tí ó kù, tàbí *737# ti GTBank. USSD ni ìwọ̀nyí, kì í ṣe ìró bọ́tìnì. Nínú USSD, kò sí ìpè rárá. Gbogbo ohun tí a kọ, láti ìràwọ̀ dé háàṣì, ń lọ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kíkọ lórí ọ̀nà àṣẹ, èsì rẹ̀ sì ń hàn lójú fóònù, kì í ju lẹ́tà 182 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Bọ́tìnì kan náà ní ìtumọ̀ méjì, ipò tí fóònù wà ni ó sì ń yàn láàárín wọn. Bí ìpè kò bá sí lórí ìlà, ìràwọ̀ àti háàṣì di àmì USSD tàbí àmì àṣẹ fóònù. Bí ìpè bá ń lọ, nọ́ńbà tí a tẹ lójú pátákó bọ́tìnì di ìró. Èyí ni ó fà á tí ẹni tí ohùn ẹ̀rọ ní kí ó tẹ nọ́ńbà kan kò fi gbọdọ̀ gé ìpè kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

## Ìdí tí bọ́tìnì fi máa ń kùnà

* Ojú fóònù tí ó ṣókùnkùn. Fóònù ìgbàlódé ń pa iná ojú rẹ̀ nígbà tí ó bá súnmọ́ etí. Oníbàárà ní láti gbé e kúrò létí, kí ó ṣí pátákó bọ́tìnì, kí ó tó lè tẹ ohunkóhun. Ẹ̀rọ tí ó ń retí ìdáhùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lè ti lọ síwájú. Lílo sípíkà tàbí gbohùngbohùn etí máa ń yanjú rẹ̀.
* Títẹ ṣáájú àkókò. Àwọn ẹ̀rọ kan ń gbọ́ bọ́tìnì láàárín ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn mìíràn kì í gbọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí.
* Ìró tí ó kúrú jù. Lábẹ́ ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà fi sínú Q.24, ìró gbọ́dọ̀ pẹ́ tó 40 nínú ẹgbẹ̀rún ìdá ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ìdákẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sì tẹ̀lé e.
* Nọ́ńbà tí ó di méjì. Bí ìpè ti ń kọjá láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn, a lè sọ ìró di ìránṣẹ́ kí a tún sọ ọ́ di ìró. Bí díẹ̀ nínú ìró àtijọ́ bá ṣẹ́ kù sínú ohùn, ẹ̀rọ òdìkejì yóò gbọ́ 5 lẹ́ẹ̀mejì.
* Ohùn tí ẹ̀rọ pè ní bọ́tìnì. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn tàbí orin ẹ̀yìn lè ṣe bí ìró méjì náà.

## Fífi ìdádúró sínú nọ́ńbà

Ẹni tí ó máa ń pe ibì kan náà lọ́pọ̀ ìgbà lè fi nọ́ńbà àti àwọn bọ́tìnì tí ó tẹ̀lé e pa mọ́ pọ̀. Lórí Android àti iPhone, kọ́mà (,) túmọ̀ sí pé kí fóònù dúró fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ó tó fi nọ́ńbà tí ó kù ránṣẹ́. Kọ́mà púpọ̀ túmọ̀ sí ìdúró tí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì (;) túmọ̀ sí pé kí fóònù dúró títí oníbàárà yóò fi gbà á láyè. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù kékeré, lẹ́tà p àti w ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nọ́ńbà ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ dára láti pa mọ́ báyìí. Nọ́ńbà àṣírí kò dára, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí ìwé orúkọ inú fóònù náà yóò rí i ní kedere.

## Ààbò

Láàárín fóònù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nọ́ńbà tí a tẹ wà nínú ìránṣẹ́ àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti sọ ọ́ di ìró, ó ti di apá kan ohùn ìpè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ìpè náà sílẹ̀ lè fi kọ̀ǹpútà tú u padà sí nọ́ńbà, nítorí pé ìwọ̀n bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àṣírí. Ìró tí fóònù ń dá sí gbangba nígbà tí sípíkà wà ní ṣíṣí náà lè tú àṣírí bákan náà.

Èyí kan àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gba ìpè oníbàárà sílẹ̀. Ìlànà àgbáyé lórí káàdì owó, PCI DSS, kò gbà kí a tọ́jú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀yìn káàdì tàbí PIN lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́ sí ìsanwó. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lo ẹ̀rọ tí ó ń bo ìró bọ́tìnì mọ́lẹ̀, tí òṣìṣẹ́ tí ó wà lórí ìlà kò fi ní gbọ́ ju ìró kan ṣoṣo lọ.

Ewu tí ó tóbi jù ni ẹni tí ó pe oníbàárà fúnra rẹ̀, tí ohùn ẹ̀rọ sì ní kí ó tẹ PIN tàbí nọ́ńbà tí ilé-ìfowópamọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà tí ó hàn lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí a lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Ohun tí ó dára ni kí oníbàárà gé ìpè náà, kí ó sì fúnra rẹ̀ pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀.

Ẹ̀tàn mìíràn ń lo ìtumọ̀ méjì tí bọ́tìnì ní. Ọ̀daràn lè bẹ ènìyàn kí ó tẹ **21*, kí ó fi nọ́ńbà fóònù kan tẹ̀lé e, kí ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú háàṣì. Kì í ṣe ìró bọ́tìnì ni èyí. Àṣẹ GSM ni, ó sì ń darí gbogbo ìpè ẹni náà sí nọ́ńbà ọ̀daràn, títí kan ìpè tí ilé-ìfowópamọ́ fi ń sọ nọ́ńbà ìdánilójú. Títẹ *#21# ń fi hàn bóyá ìdarí wà lórí ìlà. ##002# ń pa gbogbo ìdarí rẹ́.

## Àwọn tí ètò náà ń ṣòro fún

Ètò ìró bọ́tìnì gbà pé olùpè ń gbọ́ràn, ó ń ríran, ó sì gbọ́ èdè tí ẹ̀rọ ń sọ. Adití kò lè gbọ́ ìbéèrè. USSD tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ ni ó rọrùn fún un. Fún afọ́jú, bọ́tìnì 5 lórí tẹlifóònù àti fóònù kékeré ní kókó kan tí ọwọ́ lè fi mọ̀ ọ́n, láti ibẹ̀ ni ó sì ń ka ìyókù. Ojú fóònù ìgbàlódé tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní kókó. Ètò tí ń ka ojú fóònù sókè, bíi TalkBack àti VoiceOver, ló rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè bo ohùn ẹ̀rọ tí a pè mọ́lẹ̀.

Ní ti èdè, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ní Nàìjíríà ń jẹ́ kí olùpè yan Yorùbá, Haúsá, Ìgbò tàbí Píjìn pẹ̀lú bọ́tìnì kan. Bí ó bá jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fi béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é lè má mọ bọ́tìnì tí yóò tẹ̀. Nítorí èyí, ó sàn kí a sọ yíyàn kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀: «Fún èdè Yorùbá, ẹ tẹ méjì.»